Awọ Tó Nípọn Lábẹ́ Ẹsẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ohun Tó Fà Á, àti Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀

Ká, ká, ká. Ẹni tó bá ń gbé àdúgbò tí Máláàmù tó ń gé èékánná ti ń kiri mọ ìró àlùmọ́gàjí yẹn. Ìyá mi kì í jẹ́ kó kọjá. Wọ́n á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, Máláàmù á mú abẹ, á máa bẹ gìgísẹ̀ wọn bí ẹni ń bẹ iṣu, èèpo á máa já bọ́ sílẹ̀. Wọ́n á dìde, wọ́n á ní ẹsẹ̀ àwọn ti fúyẹ́. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ibẹ̀ á tún fi le ju ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan abẹ wọlé jù. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọn ò fi lè dé ìsọ̀ wọn.

Inú ọjọ́ mọ́kànlá yẹn ni mo yí sílípáàsì wọn dà wò. Ẹ̀gbẹ́ ìta gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán, ó fẹ́lẹ́ bí ewé. Mo gbé e ti ẹsẹ̀ wọn: ibi tí sílípáàsì ti jẹ gan-an ni awọ ti le. Ọdún bíi mélòó kan la ti fi ń bá awọ jà, sílípáàsì ló jẹ̀bi.

Iṣẹ́ tí awọ náà ń ṣe

Awọ àtẹ́lẹsẹ̀ ló nípọn jù lára èèyàn. Èyí tó wà lókè pátápátá ti kú: sẹ́ẹ̀lì tó ti gbẹ ni, wọ́n tò lé ara wọn bíi páànù orí òrùlé, kẹratíìnì ló kún inú wọn, ohun kan náà tí èékánná, irun àti ìwo màlúù jẹ́. Nísàlẹ̀ wọn, ara ń ṣe sẹ́ẹ̀lì tuntun lójoojúmọ́, tuntun ń ti ògbólógbòó sókè títí yóò fi ṣí dànù. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí sẹ́ẹ̀lì kan tó rin ìrìn yẹn tán. Bí nǹkan kan bá wá ń tẹ ojú kan ṣáá, tàbí tó ń ha á, ara á mú iṣẹ́ yá: ohun tó ń ṣe á pọ̀ ju ohun tó ń ṣí dànù lọ. Odi ni ara ń mọ. Bí ẹ bá wó odi náà, tí ohun tó mú kí ara mọ ọ́n ṣì wà ńbẹ̀, ara á tún mọ òmíràn.

Ohun kejì ni pé àtẹ́lẹsẹ̀ ò ní ihò tí ọ̀rá ń gbà jáde bí ojú àti àyà ṣe ní in. Òógùn nìkan ló ní. Ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi tètè máa ń rí gìgísẹ̀ mú ju ibikíbi lọ: awọ tó ti nípọn tẹ́lẹ̀ gbẹ, kò lè nà mọ́, ìwúwo ara tẹ̀ ẹ́, ó là.

Kì í ṣe gbogbo awọ líle ló ń fẹ́ ìtọ́jú o. Ní 2019, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature, lórí àwọn ará Kenya tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn àtàwọn tó ń wọ bàtà. Awọ àwọn tó ń fẹsẹ̀ lásán rìn nípọn jù, ó sì le jù, síbẹ̀ ẹsẹ̀ wọn ṣì ń mọ ilẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Bàbá àgbẹ̀ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le dọ́gba, tí kò dùn ún, tí kò là, kò ṣàìsàn. Ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bá ń dunni, tó ń là, tàbí tó dá dúró lójú kan bí òkúta ni ọ̀rọ̀ wa kàn.

Kí ẹ tó gbé omi kaná: ṣé ẹsẹ̀ náà ṣì ń gbọ́ràn?

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù nìyí. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa, ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ti ṣe rí, kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ha awọ líle, kò sì gbọdọ̀ lẹ oògùn tó ń jẹ awọ mọ́ ọn. Àtọ̀gbẹ máa ń pa iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ẹsẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá wà lábẹ́ awọ líle, ẹni náà ò ní mọ̀, á máa tẹ̀ ẹ́ rìn, ọgbẹ́ á sì máa jẹ wọnú. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n gé nítorí àtọ̀gbẹ, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àyẹ̀wò kan wà tí ẹni méjì lè ṣe nílé láìná kọ́bọ̀. Kí ẹni tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò dùbúlẹ̀, kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kó di ojú. Ẹ fi orí ìka ìfábẹ̀lá yín kan orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí iyẹ́ bá bà lé e, fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má ta á. Lẹ́yìn náà ẹ kan ìka tó wà láàárín, àti ọmọ ìka tó kéré jù. Ẹ ṣe ẹsẹ̀ kejì bákan náà. Ojú mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Nígbàkígbà tó bá mọ̀ ọ́n lára, kó sọ bóyá ọ̀tún ni tàbí òsì. Bí ojú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà tí kò mọ̀, ẹsẹ̀ yẹn ti ń kú. Ẹ mú ọkàn yín kúrò lórí òkúta ìfọsẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn. Mo ti rí ẹni tí àyẹ̀wò kékeré yìí jẹ́ kó mọ̀ pé ṣúgà òun ti ga, tí kò sì ti lálàá rẹ̀ rí.

Ẹ ka ẹsẹ̀ náà bí ìwé

Ẹ fọ ẹsẹ̀, ẹ nù ún gbẹ, ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ẹni tí kò lè gbé ẹsẹ̀ sókè kó gbé dígí sílẹ̀. Ibi tí awọ ti le máa ń sọ orúkọ ohun tó fà á.

Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ ló le, tó sì là yí ká, ẹ yẹ sílípáàsì wò. Bàtà tí kò ní ẹ̀yìn máa ń jẹ́ kí ẹran gìgísẹ̀ tẹ́ síta nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́, awọ eteetí á nà títí yóò fi fà ya. Àwọn tó ń dúró látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bí alátà, aránṣọ tó ń gé aṣọ lórí ìdúró, tíṣà, ló ń rí èyí jù. Bó bá jẹ́ ibi tó yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ níwájú, nísàlẹ̀ àwọn ọmọ ìka, bàtà gogoro ló sábà ń fà á, torí ó ń da gbogbo ìwúwo ara síwájú; bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bíi páálí ń ṣe é pẹ̀lú. Orí ọmọ ìka tó kéré jù, tàbí àárín òun àti èkejì rẹ̀? Bàtà fún un níwájú.

Ọlọ́kadà tó ń fi sílípáàsì gun máṣíìnì lè ní i lókè ẹsẹ̀ òsì, níbi tí ó fi ń gbé jíà. Ọ̀pọ̀ àwọn Mùsùlùmí tó ń kírun déédéé sì ní i ní kókósẹ̀ òsì níta, nítorí ẹsẹ̀ òsì là ń jókòó lé nínú ìrun. Ẹlòmíràn á máa bẹ̀rù pé kókó kan ti sọ sí òun lẹ́sẹ̀; ẹní tó tẹ́ẹ́rẹ́ lórí sìmẹ́ńtì ni. Ẹní tó nípọn, tàbí aṣọ tí a ṣẹ́ sí méjì lábẹ́ kókósẹ̀, tó láti dín in kù.

Ṣé awọ líle lásán ni?

Awọ líle lásán fẹ̀, etí rẹ̀ ò hàn ketekete, ìlà àtẹ́lẹsẹ̀ sì kọjá lórí rẹ̀ bí ìlà ṣe ń kọjá lórí ìka ọwọ́. Kọ́ọ̀nù kéré jù ú lọ, ó yí róbótó, ojú kan wà láàárín rẹ̀ tó le bí èkùrọ́, ojú yẹn ló máa ń gún ẹran bí ìgbà tí òkúta wẹ́wẹ́ bá wà nínú bàtà. Èyí tó bá wà láàárín ọmọ ìka máa ń rọ̀, á funfun, nítorí òógùn.

Ohun mìíràn tó jọ kọ́ọ̀nù ni èyí tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ń fà lábẹ́ ẹsẹ̀, irú wọ́nwọ́n tí àwọn ọmọ iléèwé ń kó. Ìlà ẹsẹ̀ kì í kọjá lórí tirẹ̀, ńṣe ló ń yà fún un, ẹ sì lè rí àmì dúdú tín-tìn-tín nínú rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ tààrà, lẹ́yìn náà ẹ fi ìka méjì fún un láti ẹ̀gbẹ́. Kọ́ọ̀nù máa ń dùn tí a bá tẹ̀ ẹ́. Wọ́nwọ́n máa ń dùn jù tí a bá fún un. Ó ń ràn, ẹ má fi òkúta tí ẹ fi ha á kan ibòmíràn.

Bí gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ bá gbẹ, tí èérún funfun bí ìyẹ̀fun jókòó sínú àwọn ìlà rẹ̀, tó ń yún láàárín ọmọ ìka, tí èékánná náà sì ti nípọn, ìbátan làpálàpá ni. Nígbà mìíràn á mú ẹsẹ̀ méjèèjì àti ọwọ́ kan ṣoṣo, èmi náà ò mọ ohun tí ọwọ́ kejì fi yọ. Òkúta ìfọsẹ̀ ò ràn án. Ìpara tó ń pa olú tó ń fa làpálàpá (fungus), irú terbinafine, ló ń ṣe é, àpòògùn á sọ iye ọjọ́. Ẹ ṣọ́ra fún ìpara alápòpọ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù nínú: ìyún á rọlẹ̀, àrùn á sì máa tàn lábẹ́lẹ̀.

Ọmọ tí àtẹ́lẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ nípọn láti kékeré, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀, ìdílé ló ti jogún rẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ìdọ̀tí. Dókítà awọ ló ni í. Àwọn àgbà á rántí àrùn gbòdògì (yaws) pẹ̀lú, tó máa ń mú àtẹ́lẹsẹ̀ nípọn tó sì ń dunni débi tí èèyàn á fi máa rìn bí akàn. Abẹ́rẹ́ pẹnisilíìnì tí WHO àti UNICEF pín káàkiri ayé láti 1952 sí 1964 ló gbá a kúrò ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀.

Bàtà kọ́kọ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn á fẹ́ fo ibí yìí lọ síbi ìpara. Ẹ má fò ó.

Ẹ gbé bébà sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ dúró lé e, kí ẹlòmíràn fi bírò yí ẹsẹ̀ yín ká. Ẹ gé e, ẹ ki bébà náà bọ inú bàtà. Bí etí bébà bá ká sókè, bàtà yẹn fún yín, ohun yòówù kí nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ sọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì kì í sábà dọ́gba, èyí tó tóbi ni kí ẹ fi ra bàtà. Kí àyè tó tó ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ ṣẹ́kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Gíga gìgísẹ̀ bàtà kó má ju ìbú ìka ọwọ́ mẹ́ta lọ fún bàtà tí ẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ti òde ìgbéyàwó, ẹ wọ̀ ọ́ dé òde, ẹ bọ́ ọ nínú mọ́tò.

Òkìrìkà ń kọ́? Mo ń rà á, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí ẹ tó náwó. Ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ti gbẹ́ ilé sínú bàtà yẹn, ibi tó jìn àti ibi tó yọ jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe tiyín. Bí ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀ bá ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́, kí ṣọ́bàtà bá yín fi tuntun sí i. Ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ń là, kó wá bàtà tó ní ẹ̀yìn, tàbí sàńdà tó ní okùn lẹ́yìn, ní gbogbo ìgbà tó bá fi ń dúró.

Rírẹ, híha, pípa

Ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, ẹ fi ìgúnpá dán an wò. Ẹ rẹ ẹsẹ̀ sí i fún ìṣẹ́jú 10. Ọṣẹ díẹ̀ tó. Kò nílò omi apakòkòrò, ńṣe ló ń mú awọ gbẹ sí i. Bí ẹ bá jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan, omi á fa ọ̀rinrin ara ẹsẹ̀ jáde, gbígbẹ tí ẹ ń sá fún lẹ ó padà bá.

Ẹ wá mú òkúta ìfọsẹ̀, ẹ rẹ òun náà sómi, ẹ fi ha ibi tó le, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bíi ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Èyí tí ẹ ń wá ni kí ó fẹ́lẹ́ díẹ̀, kì í ṣe kó tán. Bó bá ti ń ta yín, tàbí tó ń pọ́n, ẹ ti kọjá ààlà. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ nílò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó. Kí olúkúlùkù ní òkúta tirẹ̀, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sóòrùn.

Ẹ fi aṣọ nu omi, ẹ nu àárín ọmọ ìka dáadáa, kí ẹ sì para kí awọ tó gbẹ tán, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọ̀rá kì í fi omi sínú awọ, ó kàn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èyí tó wà ńbẹ̀ ni. Òrí dára. Àdí àgbọn dára. Vaseline lásán wà lára ohun tó ń di omi mú jù, kò sì wọ́n. Bí awọ bá nípọn gan-an, ẹ bèèrè ìpara tó ní yúríà lọ́wọ́ àpòògùn: 10% fún gbígbẹ lásán, 20% sí 25% fún èyí tó le, 40% fún èyí tó dà bí èèpo igi, ojú ibẹ̀ nìkan sì ni kí ẹ fi í sí. Yúríà ń fa omi wọ awọ, ó sì ń tú ohun tó so sẹ́ẹ̀lì òkú mọ́ra. Yúríà kan náà ni àwọn àgbẹ̀ ń wọ́n sí ẹsẹ̀ àgbàdo, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ bu ajílẹ̀. Ẹ má fi ìpara sáàárín ọmọ ìka, ibẹ̀ ti tutù tó. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú lé e sùn. Àgbàlagbà tó fi ẹsẹ̀ olóròóró tẹ táìsì lóru lè yọ̀ ṣubú.

Lálẹ́ lálẹ́ ni ti ìpara. Ẹ fún un tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Èyí tó ti là ní tirẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde: ẹ má ha á. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi Vaseline dí i, ẹ fi báńdéèjì di í kí ilẹ̀ má bàa wọ inú rẹ̀. Tó bá ti pẹ́ tí ẹ gba abẹ́rẹ́ àìpérí (tetanus), ẹ lọ gbà á. Etí awọ tó yọ gàgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa dín kù lẹ́yìn tó bá ti san. Ẹ má sì lé làálì sórí ojú tó là, pàápàá èyí tó dúdú bíi kóró iṣin tí wọ́n ti po kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa irun láró mọ́. Ó lè bó yín.

Kọ́ọ̀nù

Pílásítà tó ní salicylic acid, oògùn tó ń jẹ awọ líle, wà ní ilé oògùn. Ẹ gé e kó má tóbi ju ojú kọ́ọ̀nù lọ, ẹ fi Vaseline yí awọ tó yí i ká, kí oògùn má bàa jẹ ẹ́, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn bí ìwé inú rẹ̀ ṣe wí, tó sábà máa ń jẹ́ wákàtí 48. Bí ẹ bá ṣí i, ibẹ̀ á funfun, á rọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sómi kí ẹ rọra ha èyí tó ti kú dànù. Ẹ ò gbọdọ̀ ṣe é fún ọmọdé tàbí aláboyún láì bèèrè. Alátọ̀gbẹ, ẹ ti gbọ́ tiyín lókè. Fún ti àárín ọmọ ìka, ẹ fi òwú díẹ̀ sí àárín wọn, ẹ pààrọ̀ bàtà, ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Abẹ, ásíìdì, epo kajú

Abẹ tí Máláàmù mú bẹ ẹsẹ̀ lágbàlá kejì ló ń mú bọ̀ wá sí tiyín, ẹ̀jẹ̀ tí ojú ò rí sì tó láti gbé HIV tàbí hẹpatáítíìsì B, tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Sàlúùnù tó mọ́ tónítóní náà lè máa lo igi ìha kan fún gbogbo èèyàn. Ẹ gbé tiyín lọ, ojú ò gbọdọ̀ tì yín. Ìyá mi ṣì ń pe Máláàmù, èékánná nìkan ló ń gé, àlùmọ́gàjí tiwọn ni wọ́n sì ń nà sí i. Ó kọ́kọ́ bínú.

Omi bátìrì, epo tó ń jáde lára èèpo kajú: àwọn méjèèjì ń jó awọ. Wọn ò mọ èyí tó kú yàtọ̀ sí èyí tó yè.

Ìgbà tí ilé ìwòsàn kàn

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ dúdú lábẹ́ awọ líle, bí ibẹ̀ bá ń rùn, tó wú, tó gbóná, tó ń ṣọyún, ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá tọ́jú rẹ̀ fún oṣù méjì tí kò yí padà, ẹ lọ.

Ẹ tún wo àmì dúdú. Irú jẹjẹrẹ awọ kan wà tí kò nílò oòrùn, àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ló ń gbé, òun sì ni irú jẹjẹrẹ mẹlanómà tó ń mú aláwọ̀ dúdú jù. Òun ló mú Bob Marley lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ní 1977 ni wọ́n sọ fún un, ó sì kú ní May 1981, ọmọ ọdún 36. Àmì dúdú tó ń fẹ̀, tí etí rẹ̀ rí wúruwùru, tí àwọ̀ rẹ̀ ò dọ́gba, tàbí ọgbẹ́ tó kọ̀ tí kò san lábẹ́ ẹsẹ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi òkúta ha. Làálì tí a ń lé mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ lóṣooṣù lè bò ó mọ́lẹ̀, ẹ máa fi àyè sílẹ̀ kó ṣí kí ẹ lè wo abẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ má wọ bàtà Sunday. Ẹ gbé èyí tí ẹ ń wọ̀ jù dání, kó lè yí abẹ́ rẹ̀ dà wò.